Ìlà Mẹ́ta Lábẹ́ Àkàbà

Ìwọ tó mú ìwé yìí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì sọ ọ́ nù. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé ọ̀mùtí ni irú ìwé báyìí ń bá wí, tàbí olè, tàbí ẹni tó di oògùn mọ́dìí. O ní ìwọ kì í mutí, o kì í jalè, ọwọ́ rẹ mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Jókòó.

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni. Kò kan àga, kò kan bẹ́ẹ̀dì, kò kan ilẹ̀kùn. Àkàbà ṣáá ló ń kàn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Jẹ́-n-gbọ́, bó sì ṣe gba orúkọ náà rèé. Bí ó bá kan àkàbà tán, yóò dà á dùbúlẹ̀, yóò tẹrí ba, yóò máa fi eegun ìka kan ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn igi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gòkè, láti ìsàlẹ̀ títí dé orí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń pariwo nítòsí, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò ní, "Ẹ rọra, ẹ jẹ́ n gbọ́." Igi tó bá dá ṣáká a máa dún ko. Èyí tó bá ní kókó, tàbí tó ti sán nínú, a máa dún bọ̀. Èyí tó bá sì ti dún bọ̀, yóò yọ ọ́ dànù, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti kun àkàbà náà tán.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bàbá náà kọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì kọ́ ọmọ-iṣẹ́ kan tó fi ọdún mẹ́rin ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ohun kan náà ló sọ fún àwọn méjèèjì: "Ẹni tó bá gun iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má fi ṣeré." Ó ní bí àkàbà bá ti dára tán, kí wọ́n fi ọ̀bẹ fa ìlà mẹ́ta sí abẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìlà kẹta gùn ju méjì yòókù lọ. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó kàn án ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un.

Ọmọ-iṣẹ́ yẹn dàgbà, ó di Fọ́máànù ní ilé iṣẹ́ tí òun àti ọmọ ọ̀gá rẹ̀ jọ ń ṣe. Kò fa ìlà mẹ́ta mọ́. Ó ní ìlà kò sí nínú ohun tí oníbàárà wá rà. N óò sọ̀rọ̀ Fọ́máànù yìí fún ọ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo kórìíra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, n kò sì ní bá a bo nǹkan kan.

Ó ṣe, Màmá tó ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra igi tí kò dára. Kókó kún ara igi náà bí ooru ṣe ń sú sí ẹ̀yìn ọmọdé. Fọ́máànù pe àwọn káfíńtà mẹ́jọ jọ, ó fi bí wọn yóò ṣe máa ṣe é hàn wọ́n. Kí wọ́n gbẹ́ kókó náà jáde, kí wọ́n po ìyẹ̀ igi tí ayùn ń já sílẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi dí ojú ihò náà, kí wọ́n fi sáńpépà fá a títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa bò ó.

"Ta ni yóò mọ̀?" ó ní.

Àwọn méje gbà. Jẹ́-n-gbọ́ kan igi tirẹ̀ wò, ó dún bọ̀, ó sì jù ú sórí àkìtàn.

Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. "Alàgbà Àkàbà, ṣé ẹ tún ti gbọ́ ohùn?" Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ di ìbínú, nítorí bí ó bá ti ń ju igi dànù, ó ń fi àbùkù iṣẹ́ tiwọn hàn nìyẹn. Wọn ò bá a jẹun mọ́. Bí ó bá ń bọ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé àga tó ṣófo. Wọ́n gbé ayùn rẹ̀ pamọ́ lónìí, wọ́n bu omi sínú gọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́la. Níkẹyìn, Fọ́máànù fà á sí kọ̀rọ̀ kan.

"Àbúrò, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ wọ ọ̀run?"

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ò kọ́ wa báyìí."

"Bàbá rẹ ti kú."

"Etí tó fún mi ò tíì kú," ni Jẹ́-n-gbọ́ wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Títí dé ibí yìí, n kò ní ẹ̀bi kan láti dá a. Ó dára kí ènìyàn mọ ẹni tí òun jẹ́ kó má sì tà á. Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń hù nínú rẹ̀ tí kò dún jáde. Ó ti ń gbádùn pé òun nìkan ni olóòótọ́. Bí ó bá délé, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méje yẹn ni yóò máa kà fún ìyàwó rẹ̀, yóò kà á tán, yóò tún un kà. Kì í gbàdúrà. Ta ni ì bá máa gbàdúrà sí, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló fi ṣe Ọlọ́run? Ó ti ń kan gbogbo igi ayé wò, kò kan àyà tirẹ̀ wò rí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, kunlékunlé kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pẹ́ńtà gun àkàbà láti kun ògiri ilé alájà méjì. Ìtẹ̀sẹ̀ kan ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó já lulẹ̀ tòun ti garawa ọ̀dà, itan rẹ̀ sì dá sí ọ̀nà méjì. Wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé àkàbà wá sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti kàn án. Ìtẹ̀sẹ̀ tó ṣẹ́ náà, gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀ igi ló kún inú rẹ̀. Màmá dojú àkàbà náà délẹ̀. Ìlà mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà kẹta gùn ju méjì yòókù lọ.

"Èmi kọ́," ni Jẹ́-n-gbọ́ wí.

Fọ́máànù pàtẹ́wọ́. "Ta ló tún ń fa ìlà mẹ́ta nínú wa? Ẹ wò ó o, ẹ wo olóòótọ́! Ẹni tó ń pe gbogbo wa ní olè!"

Àwọn méje yẹn wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Jẹ́-n-gbọ́ kò fi gọ́ọ̀mù dí kókó rí. Ọ̀kan ń wo ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ń gbọn ìyẹ̀ igi kúrò lára ṣòkòtò. Kò sí ẹni tó la ẹnu. Kí iṣẹ́ tó parí lọ́jọ́ náà, Màmá ti lé Jẹ́-n-gbọ́, ó ti ń lọ sílé pẹ̀lú ayùn rẹ̀ nínú àpò.

Oṣù mẹ́rin ló fi wá iṣẹ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó gbà á. Àwọn ọmọdé àdúgbò fi í kọrin. Ọ̀kan yóò kan ògiri, yóò ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́!" Àwọn yòókù á ké pé, "Gbàà!" wọ́n á sì ṣubú lulẹ̀, wọ́n á máa yí gbiri nínú ẹ̀rín.

Nígbà náà ni Fọ́máànù kó wọ inú ọkàn rẹ̀. Ó ń bá a jí, ó ń bá a jẹun, ó ń bá a sùn. Bí ó bá jókòó, bí Fọ́máànù yóò ṣe ṣubú ló ń rò. Ó ti mọ itan tí yóò dá. Ó ti mọ bí yóò ṣe ké. Àwọn ìgbà kan wà tí adùn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rẹ́rìn-ín sókè.

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹ ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, mi ò sì rí ẹnì kankan."

Ní àkókò yìí ni Pẹ́ńtà ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti dá a padà sílé, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá kékeré kan, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì fi ara ti ògiri. Onígbàgbọ́ ni Pẹ́ńtà, kì í sì í ṣe onígbàgbọ́ ọjọ́ ìsinmi nìkan.

"Àbúrò, jókòó."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo fẹ́ dúró."

"Mo ní kí wọ́n pè ọ́ kí n lè sọ ọ́ lójú rẹ. Mo ti dárí jì ọ́."

Ṣé o mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn dárí ohun tí o kò ṣe jì ọ́? Ọkùnrin náà kígbe. "Dárí jì mí? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Èmi kọ́ ni mo kan àkàbà yẹn! Ẹ bá mi gbé ìdáríjì yín pa mọ́ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Èmi ò nílò rẹ̀!"

Pẹ́ńtà gbé ara sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ó dáa, mo gbà ọ́ gbọ́. A jẹ́ pé ìwọ gan-an ni wọ́n ṣẹ̀. Kí lo wá fẹ́ ṣe fún ẹni tó ṣe é?"

Jẹ́-n-gbọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ojú rẹ ti dá mi lóhùn. Àbúrò mi, wọ́n lo gbogbo agbára wọn láti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú wọn, o kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìbínú fẹ́ bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Gbé ọ̀rọ̀ yìí lé Jésù lọ́wọ́. Ẹ̀san kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ. Ọwọ́ tí ènìyàn bá fi gbẹ̀san fúnra rẹ̀ kì í mọ́ mọ́."

"Ẹ ní kí Jésù dúró ná, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì ni ọ̀rọ̀ yìí." Ó jáde, kò tilẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé.

Jésù dúró. Ọkùnrin náà ni kò dúró.

Àkàbà gíga kan wà nínú ilé iṣẹ́ yẹn tí Fọ́máànù kàn fúnra rẹ̀ láìfa ìlà kankan sí i. Òun ló fi ń gun àjà ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí yóò máa ju igi ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Òun nìkan ló ń gùn ún. Ẹ̀rọ tó ń la pákó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, eyín ayùn rẹ̀ sì kọjú sókè. Jẹ́-n-gbọ́ mọ gbogbo èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí kò sí ẹnì kan ní ilé iṣẹ́, ó ti pákó kan tó ti tú lẹ́yìn ilé, ó wọlé. Fọ́máànù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lákòókò náà, ó ń kọrin sókè ju gbogbo ìjọ lọ. Jẹ́-n-gbọ́ da àkàbà náà dùbúlẹ̀. Ó ka ìtẹ̀sẹ̀ dé ìkẹsàn-án, ó fi ayùn rẹ́ ẹ láti abẹ́, ó kù díẹ̀ kí ó gé já. Ó po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀ igi, ó fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ibẹ̀. Ó fi sáńpépà fá a. Ó kùn ún. Ọ̀nà tí wọ́n ní kí ó gbà tí ó kọ̀, ó gbà á ní àárọ̀ yẹn, ó sì ṣe é dáadáa ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó kàn án wò.

Ó dún bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún ara àkàbà ṣe bí àwọn káfíńtà ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí, ó gbé e padà síbi tó wà, ó sì lọ sílé. Oorun tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sùn irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin.

Ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé mọ́, ó lọ jókòó sórí àga aránbàtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó fẹ́ gbọ́. Ó rí Fọ́máànù tó wọlé. Ó rí Màmá tó wọlé. Òwú kan tú lára ọwọ́ aṣọ Jẹ́-n-gbọ́, ó yọ ọ̀bẹ láti fi gé e. Ọ̀dà pupa ti gbẹ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ náà.

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ayùn ló fi rẹ́ igi. Igi pẹlẹbẹ ló fi tẹ gọ́ọ̀mù. Ọ̀bẹ kò sí nínú iṣẹ́ tó wá ṣe lánàá. Báwo ni ọ̀dà ṣe dé ara ọ̀bẹ?

Lẹ́yìn náà ló rántí. Nígbà tó tún ara àkàbà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ ọ̀bẹ fúnra rẹ̀. Ogún ọdún ó lé ló ti ń ṣe é, ọwọ́ kò béèrè lọ́wọ́ ọkàn mọ́. Ó ti fa ìlà mẹ́ta sí abẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà kẹta gùn ju méjì yòókù lọ. Ó ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sí i.

N kò ní parọ́ fún ọ. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ohun kejì ló fọ́ ọ. Fún oṣù mẹ́rin ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé àmì yẹn ń parọ́ mọ́ òun. Èyí kò parọ́. Ó kan igi, ó gbọ́ pé ó dún bọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ohun tí àwọn méje fi gbogbo yẹ̀yẹ́ àti ìkà wọn wá lára rẹ̀ tí wọn ò rí, òun nìkan ti fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ó sáré. Bí ó bá kígbe, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí kò bá kígbe, ọkùnrin kan yóò kú. Ó sáré gba àárín ọ̀nà, ó wọ inú ilé iṣẹ́, Fọ́máànù sì ti wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ karùn-ún.

"Sọ̀kalẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀kalẹ̀!"

Fọ́máànù bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí òun ti bà lórúkọ jẹ́ ló rí tó ń sáré bọ̀, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ pa mí!" Dípò kí ó sọ̀kalẹ̀, ó ń gun òkè kíákíá. Ìkẹfà. Ìkeje.

Jẹ́-n-gbọ́ ju ọ̀bẹ nù. "Ìtẹ̀sẹ̀ kẹsàn-án! Mo ti rẹ́ ẹ! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ ọ̀tá rẹ̀ gbọ́? Fọ́máànù gbé ẹsẹ̀ lé ìkẹsàn-án. Igi náà dún gbàà.

Jẹ́-n-gbọ́ bẹ́ sáàárín ọkùnrin tó ń já bọ̀ àti ẹ̀rọ ìlapákó, ó fi ara gbà á. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Jẹ́-n-gbọ́ sì dá lábẹ́ wọn. Fọ́máànù dìde, kò sí ohun tó ṣe é ju pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó lọ.

Màmá dojú àkàbà délẹ̀. Gbogbo wọn rí ìlà mẹ́ta náà.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ti Pẹ́ńtà ńkọ́?"

"Ti Pẹ́ńtà kì í ṣe èmi."

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rò ó. Ta ni yóò gbà á gbọ́ mọ́? Irọ́ tí Fọ́máànù pa láti oṣù mẹ́rin, ọwọ́ Jẹ́-n-gbọ́ fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ di òótọ́. Ẹ̀san tó fẹ́ gbà ló wá gbè sẹ́yìn ọ̀tá rẹ̀. Màmá fẹ́ pe ọlọ́pàá, Fọ́máànù ló ní kí ó má pè wọ́n, gbogbo ènìyàn sì yìn ín pé ó láàánú. Àánú kọ́ o. Ẹ̀rù ń bà á ni, pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àkàbà kejì, wọ́n lè wádìí dé àkàbà kìíní.

Jẹ́-n-gbọ́ kò gba ọ̀nà ọsibítù. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó rìn dé ilé Pẹ́ńtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò pa dé lọ́jọ́sí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìdáríjì tí ẹ fún mi níjọ́sí, tí mo ní mi ò nílò rẹ̀. Ṣé ó ṣì wà?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Pẹ́ńtà na ọwọ́, ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti dá dúró, ọ̀dọ̀ Jésù ni mo ti gbà á. Káfíńtà bíi tìrẹ ni. Wọ́n ní kí ó ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó kọ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn èké kàn án, wọ́n sì fi ìṣó kàn án mọ́ igi. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbẹ̀san níbẹ̀, àánú ló tọrọ fún wọn. Ibi tí ìwọ ti ṣubú yẹn gan-an ló ti dúró, nítorí tìrẹ ló sì ṣe dúró."

Ọkùnrin tó ti ń kan igi láti ọmọdé tẹrí ba sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì gba àdúrà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Kò gùn. "Olúwa, èmi ni mo rẹ́ ẹ. Kì í ṣe òní ni mo ti ń dún bọ̀. Ṣàánú mi."

Ọlọ́run gbọ́.

Mo mọ ohun tí ò ń bi mí báyìí. "Fọ́máànù ńkọ́? Ṣé ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?" Inú rẹ dùn nígbà tí igi yẹn ṣẹ́, àbí inú rẹ ò dùn? Ó dùn ọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló bó. Má jiyàn, mo mọ̀ ọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni ìwọ àti ẹni tó mú ayùn lọ́wọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi yẹn.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, Jẹ́-n-gbọ́ wá sí ilé iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ó dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo rẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ yín. Mo fẹ́ kí ẹ kú. Mo ti bẹ Ọlọ́run, mo wá bẹ ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Fọ́máànù dúró, ó ń retí kí ó mẹ́nu ba àkàbà Pẹ́ńtà. Ó ti ní irọ́ tí yóò fi dáhùn. Ọkùnrin náà kò mẹ́nu bà á. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìkan, ó kí Màmá, ó sì lọ. Irọ́ náà wà lẹ́nu Fọ́máànù, kò rí ẹni tí yóò pa á fún. Ó korò. Mo mọ bó ṣe korò tó, nítorí ẹnu tèmi ni.

Èmi ni Fọ́máànù.

Èmi ni mo fi ọ̀bẹ mi fa ìlà mẹ́ta sí abẹ́ àkàbà tó dá itan Pẹ́ńtà, ìlà kẹta gùn ju méjì yòókù lọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti kọ́ àwa méjèèjì. Jẹ́-n-gbọ́ kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé nígbàkígbà tó bá ń kan igi, mo ń gbọ́ ohùn ẹni tí mo ti jẹ́ rí. Mo fẹ́ kí ohùn náà dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ káàkiri, n kò lè jẹun dáadáa. Bí ó bá ti bú mi ni, ǹ bá bú u padà, ǹ bá sì sùn. Níkẹyìn mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Pẹ́ńtà, níbi tí Jẹ́-n-gbọ́ ti tẹrí ba, mo sì jẹ́wọ́ fún Jésù. Lẹ́yìn náà mo jẹ́wọ́ fún Màmá àti fún àwọn méje. Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n jàre.

Lónìí, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni àwa méjèèjì wà. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò tọ́ mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń rẹ́ igi, òun ni ó ń gbọ́. Bí ó bá dún bọ̀, ó ń jù ú nù, n kì í jiyàn. Lọ́jọ́ tí a kan àkàbà àkọ́kọ́ tán, ó kàn án láti ìsàlẹ̀ dé orí, ó sì na ọ̀bẹ rẹ̀ sí mi pé kí n fa ìlà náà. Mo fà á, ìlà kẹta sì wọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo ti bú ara mi tó fún ọ, ó wá kàn ọ́. Ta ni ò ń rẹ́ igi abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ìyàwó arákùnrin rẹ ni, àbí ọ̀gá rẹ, àbí ẹni tó gba ipò tó yẹ ọ́? O lè ní àre. Jẹ́-n-gbọ́ ní àre, àre náà ló sì fẹ́ fi pa mí. Tàbí ìwọ ni Fọ́máànù nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, tí o ṣe bí ayé ti ń ṣe títí o fi gbàgbé ẹni tí Ọlọ́run dá ọ láti jẹ́. Àwa méjèèjì, ọ̀nà kan náà la gbà wọlé: a sọ pé, "Èmi ni." Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tí o dẹ pàkúté fún ti ń gun òkè lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí ìkeje. Ju ọ̀bẹ yẹn nù. Ké pe Jésù níbi tí o wà yìí, lónìí, nísinsìnyí, kí o tó gbọ́ ohùn igi náà.